Ta Ni Yóò Máa San Owó Ilẹ̀ Gbígbá Ìlú Wa?

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àpéjọ ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìlọsíwájú Ìlú, ní Òkìtìpupa, nílẹ̀ Ìkálẹ̀

Ìgbìmọ̀ ni ó ní kí àwa olùkọ́ wá sọ̀rọ̀ lónìí, wọ́n sì fi ohun tí a óò sọ sí ọwọ́ wa. Ó lè jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ń retí ọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ, tàbí lórí ìtàn àwọn baba ńlá wa. Ilẹ̀ gbígbá ni a yàn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni, nítorí ohun tí ó bá ń dí ojú àgbàrá ìlú lónìí ni yóò dí ojú ọ̀nà ìlọsíwájú rẹ̀ lọ́la.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí nǹkan ti rí nígbà àwọn ìyá wa àgbà. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ìgbálẹ̀ ni ọmọdé kọ́kọ́ ń mú lọ́wọ́. Wọn a gbá inú ilé, wọn a gbá agbolé, wọn a sì kó gbogbo rẹ̀ dà sí ààtàn lẹ́yìn ilé. Kí ni ó wà nínú ilẹ̀ náà? Ewé tí a fi pọ́n oúnjẹ, èèpo iṣu, èèpo ẹ̀gẹ́, eérú, àti háhá àgbàdo. Òjò a rọ̀ sí i, oòrùn a pa á, kòkòrò inú ilẹ̀ a sì jẹ ẹ́ tán. Kí ọdún tó yí po, ààtàn ti di ilẹ̀ dúdú tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ń hù lé lórí. Nígbà tí wolé-wolé sì dé ní ayé àwọn òyìnbó, tí ó ń wọ ilé dé ilé láti yẹ ìkòkò omi wò, ìbẹ̀rù rẹ̀ tún fi kún ìmọ́tótó wa. Ní ayé ìgbà náà, kò sí ẹni tí ó ń bi ara rẹ̀ pé èló ni a ó san kí ilẹ̀ tó kúrò lẹ́yìn ilé. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà fún wa lọ́fẹ̀ẹ́.

Ohun méjì ni ó yí padà. Èkínní ni pé ohun tí a ń dànù kì í ṣe ohun àtijọ́ mọ́. Ọ̀rá omi, ìgò onírọ́bà, agolo, bátìrì, abọ́ fúnfún tí a fi ń gbé ìrẹsì níbi ìnáwó, ìlédìí ọmọ tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan tí a sì ń jù nù: kò sí èyí tí kòkòrò ilẹ̀ lè jẹ nínú wọn. Bí a bá rì wọ́n mọ́lẹ̀ lónìí, àwọn ọmọ ọmọ wa yóò bá wọn níbẹ̀. Èkejì ni pé ìlú ti gbòòrò. Ibi tí ó jẹ́ ààtàn nígbà náà, ilé ti wà lórí rẹ̀. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń da ilẹ̀ sí ẹ̀bá títì, sí ojú àgbàrá, sí etí odò, tàbí kí wọ́n fi iná sí i kí èéfín rẹ̀ máa wọ inú yàrá àwọn aládùúgbò. Ohun tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́ tẹ́lẹ̀ ti di ohun tí a gbọ́dọ̀ fi owó ṣe, ṣùgbọ́n títí di òní, ìlú wa kò tí ì jókòó kí ó pinnu ẹni tí yóò máa san owó náà. Ìdí ọ̀rọ̀ wa lónìí nìyí.

Ẹ wo bí Elédùmarè ti dá ibùgbé wa. Orúkọ Òkìtìpupa fi hàn pé orí òkìtì ilẹ̀ pupa ni a tẹ̀dó sí. Bí òjò bá rọ̀ lórí òkìtì, ìsàlẹ̀ ni àgbàrá ń ṣàn lọ. Àgbàrá kì í lọ lásán. A máa wọ́ ọ̀rá àti ìgò lọ sínú àbàtà, láti inú àbàtà dé inú odò, títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ àwọn ará wa Ìlàjẹ lápá Igbókòdá, níbi tí wọ́n ti ń pẹja, àti títí dé òkun. Ẹja tí wọ́n bá sì pa, ọjà wa ni ó ń bọ̀. Àwọn àgbà sọ pé ẹni tí ó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ìdọ̀tí tí a rò pé a ti lé lọ, inú ọbẹ̀ wa ni ó ń gbà padà wá.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé a ń sọ àsọdùn, kí ó bi àwọn ará Ìbàdàn. Ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún bo ìlú, ó kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀mí lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omíyalé mìíràn tún ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn kan náà, ó lé ní 100 ènìyàn tí ó kú. Òjò náà pọ̀ ní tòótọ́, ṣùgbọ́n ilé tí a kọ́ sójú odò àti ìdọ̀tí tí a dà sínú odò wà lára ohun tí kò jẹ́ kí omi rí ọ̀nà kọjá. Lẹ́yìn rẹ̀, ní ọdún 2014, Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí ẹ̀yáwó 200 mílíọ̀nù dọ́là láti tún ọ̀rọ̀ omíyalé Ìbàdàn ṣe. Ẹ̀yin ará, owó ìgbálẹ̀ ni a kò fẹ́ san, gbèsè ni a wá jẹ.

Ọ̀rọ̀ àìsàn tún ń bẹ níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wa wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ibà Lásà ti ń ṣe ọṣẹ́ jù lọ ní Nàìjíríà, eku ni ó sì ń gbé àrùn náà wọlé. Ibi tí ìdọ̀tí oúnjẹ bá wà ni eku ń sáré lọ. Ẹ̀fọn tí ń gbé ibà pọ́njú kiri, inú agolo àti táyà tí omi òjò dúró sí ni ó ti ń yé ẹyin. Bí ìdọ̀tí bá sì wọ inú kànga tàbí odò tí a ń pọn mu, àrùn onígbáméjì kò jìnnà mọ́. Owó tí ìdílé kan yóò ná ní ilé ìwòsàn fún ọmọ kan ṣoṣo lè san owó ilẹ̀ gbígbá fún ọdún púpọ̀.

Nísinsìnyí, a dé orí ìbéèrè wa. Ta ni yóò sanwó? Ọ̀pọ̀ yóò dáhùn lọ́gán pé ìjọba ni. Òtítọ́ ni. Òfin Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní Àfikún rẹ̀ Kẹrin, ka kíkó ìdọ̀tí dànù mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sì dájọ́ pé owó ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa dé ọwọ́ wọn tààrà. Nítorí náà, ẹ̀tọ́ wa ni kí a máa bi àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí ó wà nílẹ̀ Ìkálẹ̀, ti Òkìtìpupa àti ti Irèlè, pé èló ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ilẹ̀ gbígbá lọ́dún yìí, kí sì ni wọ́n fi ṣe. A kò gbọdọ̀ dákẹ́ lórí èyí.

Ṣùgbọ́n òfin kì í mú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Nínú ìwé ìwádìí tí Báǹkì Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2018, wọ́n sọ pé ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó lọ́wọ́, nǹkan bí 20 nínú gbogbo 100 náírà tí àwọn aláṣẹ ìlú ń ná ni ó ń bá ìdọ̀tí lọ; síbẹ̀ ó lé ní 90 nínú 100 ìdọ̀tí ibẹ̀ tí ó ń bọ́ sí gbangba ilẹ̀ tàbí sínú iná. Ohun tí èyí kọ́ wa ni pé kò sí ìlú kékeré tí ìjọba nìkan lè gbá fún. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Bí ìjọba bá gbé apá kan, àwa onílé àti ọlọ́jà gbọ́dọ̀ gbé apá kejì.

Nígbà náà ni àwọn mìíràn yóò sọ pé, ṣebí ẹgbẹ́ wa lè pe ìkówójọ ńlá kan, kí a ra ọkọ̀ akólẹ̀, kí a fi ta ìlú lọ́rẹ. A mọ ọkàn rere tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Bí a ti kọ́ ilé-ìwé nìyẹn, bí a ti kọ́ gbọ̀ngàn nìyẹn, àwọn baba wa sì gba ọpẹ́ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé-ìwé yàtọ̀ sí ilẹ̀ gbígbá. Bí a bá kọ́ ògiri tán, yóò dúró fún ogójì ọdún. Ìdọ̀tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí a bá kó o lónìí, òmíràn ti dé lọ́la. Ọkọ̀ tí a bá rà lọ́jọ́ ìnáwó yóò béèrè epo lọ́la, táyà lóṣù tí ń bọ̀, owó awakọ̀ lópin oṣù. Bí kò bá sí ibi tí owó wọ̀nyí yóò ti máa wá, ọkọ̀ náà yóò jókòó sí ẹ̀yìn ọgbà kan, koríko yóò sì hù yí i ká, tòun ti orúkọ ẹni tí ó fi ta ìlú lọ́rẹ lára rẹ̀. Ohun tí ó ń wá lójoojúmọ́, owó tí ó ń wọlé lóṣooṣù ni ó lè bá a dọ́gba.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ gbígbá ìlú lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Láti ìgbà ìjọba ológun ti ọdún 1984 sí 1985, nígbà tí wọ́n gbógun ti ìwà àìníjàánu, ni a ti mọ ọjọ́ Sátidé ìparí oṣù sí ọjọ́ ìmọ́tótó. Ó kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ púpọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo wa ni a mọ bí ó ti máa ń rí: a ó kó ẹrẹ̀ àti ọ̀rá jáde kúrò nínú gọ́tà, a ó to wọ́n sí ẹ̀bá rẹ̀, kò ní sí ẹni tí yóò wá kó wọn, òjò àkọ́rọ̀ yóò sì dá wọn padà síbi tí wọ́n ti wá. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó tilẹ̀ fòpin sí tiwọn ní oṣù kọkànlá ọdún 2016. Gbígbá ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n kíkó lọ ni ó ń parí iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀, nítorí iṣẹ́ olùkọ́ ni. Kí a fi àdúgbò kan tí ó ní 400 ilé ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ilé kọ̀ọ̀kan ń san ₦500 lóṣù, owó tí yóò wọlé jẹ́ ₦200,000. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí ní ọdún 2024 jẹ́ ₦70,000. Bí a bá gba òṣìṣẹ́ méjì, ₦140,000 ti lọ. ₦60,000 ni ó kù fún epo kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tàbí àtúnṣe ọmọlanke, fún ìbọ̀wọ́, bàtà òjò, ṣọ́bìrì àti ìgbálẹ̀. Yóò há, ṣùgbọ́n iṣẹ́ yóò máa lọ. Nísinsìnyí, ká ní ìdajì àwọn ilé wọ̀nyí sọ pé àwọn kò san. ₦100,000 péré ni yóò wọlé, kò sì tó owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ méjì náà. Kí oṣù kejì tó parí, iṣẹ́ ti dúró, àwọn 200 ilé tí ó san yóò sì sọ pé a rẹ́ àwọn jẹ. Ẹ kíyè sí i pé kò sí olè nínú ìṣirò yìí. Kò sí ẹni tí ó kó owó jẹ. Àìsan ìdajì nìkan ni ó pa iṣẹ́ náà. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé ₦500 tí gbogbo ènìyàn san dára ju ₦5,000 tí ènìyàn díẹ̀ san lọ.

Àwọn ọ̀dọ́ wa yóò béèrè pé, “Ẹ̀yin olùkọ́, ṣé ẹ kò gbọ́ pé owó wà nínú ìdọ̀tí ni?” A gbọ́. Ní ọdún 2012 ni arábìnrin Bilikiss Adebiyi-Abiola àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá iṣẹ́ Wecyclers sílẹ̀ ní Èkó. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni wọ́n fi ń wọ àdúgbò tí ọkọ̀ ńlá kò lè wọ̀, wọ́n ń wọn ìgò, agolo àti ọ̀rá tí ìdílé kọ̀ọ̀kan bá ṣà jọ, wọ́n sì ń fi ẹ̀bùn san án fún wọn. Ní Ajégúnlẹ̀, ilé-ìwé Morit gbà kí àwọn òbí máa fi ìgò onírọ́bà dín owó ilé-ìwé ọmọ wọn kù. Ní Bódìjà ní Ìbàdàn, ní ìparí àwọn ọdún 1990, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ láti máa sọ ìdọ̀tí ọjà di ajílẹ̀. Nílé tiwa gan-an, nígbà tí ọmọ wa, olóògbé Dókítà Olusegun Agagu láti Iju-Odò, jẹ́ gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó láàrin ọdún 2003 sí 2009, ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ tí ń tún ìdọ̀tí lò sílẹ̀ ní Àkúrẹ́. Nítorí náà, sísọ ìdọ̀tí di ohun èlò kì í ṣe àlá.

Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ fún ara wa. Irin àlòkù, agolo àti ìgò onírọ́bà ni ó rọrùn láti rí ẹni rà, wọn kò sì pọ̀ tó nǹkan nínú ìdọ̀tí ilé. Ju ìdajì ìdọ̀tí ìlú bí tiwa lọ ni ó jẹ́ èèpo, ewé àti àjẹkù oúnjẹ. Ìgò onírọ́bà fúyẹ́. Bí ọkọ̀ bá kún fún un, ìwọ̀n rẹ̀ kéré, ọ̀nà Àkúrẹ́ tàbí Èkó sì jìn sí wa, owó epo sì wọ́n. Bí a bá rò pé owó ìgò ni yóò gbá gbogbo ìlú, a ó tún padà sí ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí àtúnlò lè ṣe fún wa ni pé yóò dín ẹrù kù. Èyí tí a bá ti ṣà sọ́tọ̀ nílé, kò sí ìdí tí a fi ní láti san owó kí a tó gbé e lọ sí ààtàn.

Nílẹ̀ Ìkálẹ̀ pàápàá, a ní ìṣúra kan tí ìlú mìíràn kò ní tó bẹ́ẹ̀. Àwa ni a ni pupuru, àwa ni a ń yan gàárì, àwa ni a ń fún epo pupa. Ẹ wo òkìtì èèpo ẹ̀gẹ́ tí ń jẹrà lẹ́bàá ibi tí a ti ń lọ ẹ̀gẹ́, tí òórùn rẹ̀ ń lé àlejò. Àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ ìwádìí ẹran ọ̀sìn tí a ń pè ní ILRI, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, ti fi hàn pé a lè lọ èèpo náà, kí a fún omi rẹ̀ dànù, kí a sá a sóòrùn, kí ó sì di oúnjẹ ẹran láàrin ọjọ́ kan. Tọ́ọ̀nù 3 èèpo tútù ń mú nǹkan bí tọ́ọ̀nù 1 oúnjẹ gbígbẹ jáde. Ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ẹ̀gẹ́ àti èyí tí a fi ń fún un ti wà lọ́wọ́ àwọn ìyá wa. Èésan àti èèpo ẹkùrọ́ sì jẹ́ ohun ìdáná. Bí a bá ti yọ èèpo ẹ̀gẹ́ àti ti ẹkùrọ́ kúrò nínú ìdọ̀tí wa, ìdajì iṣẹ́ akólẹ̀ ti fúyẹ́, owó díẹ̀ sì ti wọlé fún àwọn obìnrin wa.

A kò tí ì dárúkọ àwọn àlejò. Ní ayé, àwọn ìlú kan wà tí omi yí ká, tí àlejò máa ń rọ́ wá wò lọ́dọọdún. Venice ní Ítálì jẹ́ ọ̀kan. Ní ọdún 2024, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gba owó €5, ní àwọn ọjọ́ kan tí èrò pọ̀, lọ́wọ́ ẹni tí ó bá wá ṣe ìbẹ̀wò ọjọ́ kan. Àwọn erékùṣù Galápagos tí ó wà lábẹ́ orílẹ̀-èdè Ecuador sì sọ owó ìwọlé ọ̀pọ̀ àlejò láti ilẹ̀ òkèèrè di $200, láti $100 tí ó wà tẹ́lẹ̀, ní oṣù kẹjọ ọdún 2024 kan náà. Èrò wọn yé wa: ẹni tí ó bá wá gbádùn ìlú, tí ó sì fi ìdọ̀tí sílẹ̀ níbẹ̀, kò yẹ kí ó fi gbogbo owó rẹ̀ sí ọrùn onílé.

Ẹ̀yin ará, àwa náà ní àlejò. Ẹ̀yin gan-an ni, ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń bọ̀ nígbà Kérésìmesì àti Àjíǹde, nígbà ọdún ìbílẹ̀ àti nígbà ìsìnkú àgbà. Inú wa máa ń dùn bí a bá rí ọkọ̀ yín lójú títì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ṣe ìnáwó tán, tí ìlù dákẹ́, tí a tú àgọ́ ká, tí ẹ sì padà lọ sí ìdí iṣẹ́ yín, ta ni ó ń ṣa ọ̀rá omi àti abọ́ fúnfún tí ó kún gbogbo àdúgbò? Ìyá arúgbó tí ó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni. Ẹni tí ó lè sanwó àgọ́, olórin àti aṣọ ẹbí kò lè sọ pé apá òun kò ká owó ìgbálẹ̀. Bí a bá gba ₦10,000 lórí ìnáwó kọ̀ọ̀kan tí a bá ṣe ní gbangba, tí ìnáwó 40 sì wà lọ́dún, ₦400,000 nìyẹn, láìfi ọwọ́ kan tálákà kankan.

A mọ ohun tí ó ń kọ ọ̀pọ̀ ènìyàn lóminú, kò sì yẹ kí a fi pamọ́. Wọ́n ń sọ nínú ọkàn wọn pé, “Bí a bá san án, wọn yóò jẹ ẹ́.” Ẹ̀rù yìí kì í ṣe ti ẹni burúkú, ìlú ti rí ìkówójọ tí a kò gbọ́ ìròyìn rẹ̀ mọ́. Ìbínú tàbí èpè kò lè wo ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ sàn. Àkọsílẹ̀ gbangba ni oògùn rẹ̀. Àwọn mìíràn sì ń béèrè pé kí ni kí opó tí kò ní ọmọ ṣe. Ìdáhùn wa ni pé kí ìgbìmọ̀ àdúgbò dá wọn sí, nítorí àwọn ni ó ń da ìdọ̀tí tí ó kéré jù lọ. Kí ilé oúnjẹ, ilé ìtura àti ṣọ́ọ̀bù ńlá san ju ilé lásán lọ, nítorí àwọn ni ó ń da èyí tí ó pọ̀ jù lọ.

Nítorí náà, ohun márùn-ún ni a fi síwájú àpéjọ yìí.

Èkínní, kí a má ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìlú. Kí a yan àdúgbò kan àti ọjà kan, kí a fi ọdún kan dán iṣẹ́ náà wò. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Èkejì, kí owó oṣooṣù jẹ́ kékeré, kí gbogbo ilé san án, kí ọlọ́jà máa san tirẹ̀ lọ́jọ́ ọjà, kí a sì gba owó ìnáwó lọ́wọ́ ẹni tí ó bá ń ṣe ìnáwó kí a tó pa àgọ́.

Ẹ̀kẹta, kí ẹni mẹ́ta máa fọwọ́ sí ìwé kí a tó gba owó jáde ní báǹkì: ọ̀kan láti inú ẹgbẹ́ wa, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin ọjà, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ àwọn onílé àdúgbò. Kí gbogbo ẹni tí ó bá san gba rìsíìtì. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù, kí a lẹ ìwé mọ́ ara pátákó ní ẹnu ọjà: iye tí ó wọlé, iye tí ó jáde, iye tí ó kù. Kí a kọ ọ́ ní èdè Yorùbá kí olúkúlùkù lè kà á.

Ẹ̀kẹrin, kí ilé kọ̀ọ̀kan ní àpò méjì: ọ̀kan fún èèpo àti àjẹkù oúnjẹ, ọ̀kan fún ìgò, agolo àti ọ̀rá. Àwa olùkọ́ ṣe tán láti kọ́ àwọn ọmọ ní yíya nǹkan sọ́tọ̀ yìí, nítorí ohun tí ọmọ bá kọ́ ní ilé-ìwé, kì í pẹ́ tí yóò fi kọ́ ìyá rẹ̀ nílé. Kí á tọ ìjọba ìbílẹ̀ lọ pẹ̀lú ìwé ìṣirò wa lọ́wọ́, kí wọ́n yan ilẹ̀ ààtàn tí ó jìnnà sí odò àti sí ilé, kí wọ́n sì máa wá kó ohun tí a bá ti gbà jọ síbì kan. Ẹni tí ó bá ti ṣe tirẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ ń gbà láti bi ìjọba léèrè.

Ẹ̀karùn-ún wà fún ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní ìdálẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ra ọkọ̀ fún wa. Ẹ san owó òṣìṣẹ́. ₦70,000 lóṣù fún ọdún kan jẹ́ ₦840,000. Ọmọ ẹgbẹ́ 84, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá fi ₦10,000 sílẹ̀ lọ́dún, ti gba òṣìṣẹ́ kan fún ìlú. Kò ní sí orúkọ ẹnikẹ́ni lára ògiri, kò ní sí ìlù àti fọ́tò. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé lọ́dún tí ń bọ̀ tí òjò rọ̀, tí omi sì rí ojú àgbàrá ṣàn lọ, ẹ ó mọ̀ pé iṣẹ́ yín ni.

Ẹ̀yin ọba wa, ẹ̀yin àgbà, ọ̀rọ̀ wa kò gùn ju báyìí lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ń gbá ilẹ̀ ni àwa ènìyàn máa ń fojú tẹ́ńbẹ́lú, bẹ́ẹ̀ ni kò sí oyè tí a lè fi dá ìlú lọ́lá bí ilẹ̀ rẹ̀ bá kún fún ẹ̀gbin. Kí a mọyì wọn, kí a sì san owó wọn lásìkò. Kí àpéjọ yìí má ṣe túká láìyan àwọn tí yóò lọ ka iye ilé tí ó wà ní àdúgbò tí a óò fi bẹ̀rẹ̀, nítorí ìṣirò ni ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀. Àwa tí a dúró níwájú yín yìí ti ṣetán láti wà lára àwọn tí yóò kà á.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí gbogbo wa sí, kí ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ó tòrò, kí ìlú wa ó máa lọ síwájú.